Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Kí Ẹ Tó Ra Mọ́nítọ̀ Íǹṣì 49

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Iná ilé, tábìlì inú yàrá àti kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó ń gbé Kétu tàbí Ìkòsí ní Èkó wò dáadáa kí ó tó náwó lé mọ́nítọ̀ gbàǹgbà tó tẹ̀ bí ọrun, èyí tó ń wu àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, tí wọ́n sì ń fi gbá géèmù lálẹ́. Ohun tó dára ni, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Samsung gbé irú rẹ̀ jáde ní ọdún 2017, Odyssey G9 sì tẹ̀lé e ní 2020. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 1.2, gíga rẹ̀ kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 34 lọ. Píksẹ́lì 5120 ló wà ní ìbú G9, 1440 ní òró. Bí ẹ bá to mọ́nítọ̀ íǹṣì 27 méjì mọ́ra tí kò sí ààlà láàrin wọn, òun náà nìyẹn. Wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ fún ẹwà lásán. Bí ohun tó fẹ̀ tó yẹn bá rí pẹlẹbẹ, igun ọ̀tún àti tòsì yóò jìnnà sí ẹyinjú ju àárín lọ. 1000R tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹni tó bá jókòó ní nǹkan bíi mítà kan sí i ni gbogbo ibẹ̀ yóò jìnnà sí bákan náà. Ibẹ̀ gan-an ni ìtẹ́ ti ń kéré fún eku. Nínú yàrá kan ṣoṣo tí bẹ́ẹ̀dì ti gba ìdajì rẹ̀, tí tábìlì kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ yóò máa yí ọrùn síhìn-ín sọ́hùn-ún títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Lẹ́yìn tábìlì, ó kan kọ̀ǹpútà. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, HDMI tó sì wà lára èyí tó ti pẹ́ díẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 1.4. Irú ihò bẹ́ẹ̀ kò lè gbé píksẹ́lì 5120 sí 1440 ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí àwòrán bá tiẹ̀ jáde, máòsì yóò máa wọ́ lójú mọ́nítọ̀ náà. HDMI 2.0 tàbí DisplayPort ló lè gbé e. Fún géèmù, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ojú mọ́nítọ̀ lásán, 1920 sí 1080, kò ju nǹkan bíi píksẹ́lì mílíọ̀nù 2 lọ, ṣùgbọ́n èyí ju mílíọ̀nù 7 lọ. Káàdì tó ń ya àwòrán nínú kọ̀ǹpútà ló máa ru gbogbo ẹrù yẹn. Èyí tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ jù lọ ni ti PlayStation, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù ládùúgbò wa. PlayStation 5 kì í ya àwòrán tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. 16:9 ló mọ̀. Bí ẹ bá so ó mọ́ mọ́nítọ̀ íǹṣì 49, bọ́ọ̀lù tí ẹ ń gbá yóò kóra jọ sí àárín, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò sì dúdú. Ìdajì ojú rẹ̀ péré lẹ ó lò, ìyẹn bákan náà pẹ̀lú íǹṣì 27 tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

Ti iná ńkọ́? Àwọn kan máa ń sọ pé owó iná ló máa pa ẹni tó bá rà á. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, tí iná wọn máa ń pẹ́ jù, sókè sí náírà 225 fún yúníìtì kan. Bí mọ́nítọ̀ náà bá ń jẹ wọ́ọ̀tì 100, tí ẹ sì lò ó fún wákàtí mẹ́jọ, owó rẹ̀ ní iye yẹn jẹ́ náírà 180, kò sì tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ ni wàhálà dé. Bátìrì ínfátà kan tó jẹ́ fólítì 12, 100Ah, tí a kò fẹ́ lò ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ kó má baà tètè bàjẹ́, kò ní ju wọ́ọ̀tì 600 fún wákàtí kan lọ. Láptọ́ọ̀pù tó ń jẹ 65 pẹ̀lú mọ́nítọ̀ gbàǹgbà yìí yóò gbẹ ẹ́ láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, láìka fáànù. Láptọ́ọ̀pù kan náà pẹ̀lú mọ́nítọ̀ íǹṣì 24 méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bíi 25, yóò lò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Fún ẹni tí oníbàárà rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì ń retí iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, wákàtí kan àti díẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oyin gbọ́dọ̀ wà nínú àpáta náà ná. Ẹ wo ẹni tó ń to fíìmù Yorùbá pọ̀. Ìlà àwòrán wà lókè, ohùn òṣèré wà lábẹ́ rẹ̀, orin tẹ̀lé e, ìró ẹsẹ̀ àti ti ilẹ̀kùn wà nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sí ẹsẹ̀ àwòrán náà ní ìlà tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń lọ gbọọrọ láti òsì sí ọ̀tún. Lórí láptọ́ọ̀pù kékeré, yóò máa wọ́ ọ síwá sẹ́yìn kó tó rí ibi tí ẹnu àti ohùn ti yàtọ̀ síra, bí ẹ bá sì fún un ní mọ́nítọ̀ méjì, ààlà àárín yóò gé ìlà náà sí méjì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí iṣẹ́ ń wọlé fún déédéé, kí ó rà á. Irinṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó ń bá oníṣòwò tòmátì Mile 12 tọ́jú ìṣirò kò sí ní ipò yẹn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ dé, iye apẹ̀rẹ̀, èyí tó bàjẹ́, owó ọkọ̀ àti gbèsè lè wà lójú mọ́nítọ̀ kan, kí WhatsApp oníbàárà wà lójú èkejì, ààlà kò sì dí i lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá sì bàjẹ́, èkejì yóò ṣì máa ṣiṣẹ́.

Ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì ní bá ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ gbádùn jà. Gbèsè ni mo kórìíra nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí owó ohun tó ń ti òkè òkun wá ti ga ju tẹ́lẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ohun tí wọ́n ń ta ní dọ́là 1,000 kò tó náírà 500,000 ní iye tí ìjọba ń ṣẹ́ ẹ. Nígbà tí 2024 ń parí lọ, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Bí ojú mọ́nítọ̀ náà bá fọ́, owó ojú tuntun sábà máa ń sún mọ́ owó odindi. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé ní Agiliti tàbí Àgbóyì, níbi tí omi odò Ògùn máa ń dé nígbà òjò, pàápàá bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ ní ìsédò Ọ̀yán, kí ó kọ́kọ́ ro bí òun nìkan ṣe máa gbé ohun tó gùn ju mítà kan lọ gun àtẹ̀gùn lóru.

Ẹni tó bá ti ro gbogbo èyí, tí ó sì ń lọ sí Computer Village ní Ìkejà, kí ó gbé láptọ́ọ̀pù tó máa lò nílé dání, pẹ̀lú wáyà tó máa lò. Kí wọ́n tan mọ́nítọ̀ náà níṣojú rẹ̀, kí wọ́n sọ gbogbo ojú rẹ̀ di funfun, lẹ́yìn náà dúdú, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, kí ó sì fi sùúrù wá píksẹ́lì tó ti kú láti igun dé igun. Kí ó bá ọlọ́kọ̀ dúnàádúrà ṣáájú, nítorí páálí rẹ̀ lè má wọ inú kẹ̀kẹ́ Marwa.