WO Ẹ̀YÌN KÍ O TÓ RÍBÁÀSÌ

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń kọ́ mọ́tò ní Joju lè wà á lọ tààrà. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n fi ẹ̀yìn páàkì sáàárín mọ́tò méjì, àyà wọn á já. Kí ni ṣíṣe?

Èkíní, sọ̀ kalẹ̀, kí o yí mọ́tò ká. Dígí kì í fi ọmọdé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ìdí bọ́ńpà hàn. Ẹ̀mí ọmọ kan ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Èkejì, mọ ibi tí ojú rẹ kò tó. Láti April 2, 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún ọ̀nà, tí awakọ̀ sì ń jókòó lápá òsì. Nítorí náà, igun ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ló jìnnà sí ọ jù.

Ẹ̀kẹta, bojú wẹ̀yìn. Bí o bá yí sítíárìn sí ọ̀tún, ìdí mọ́tò á lọ sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ á fì sí òsì. Ṣọ́ méjèèjì.

Ẹ̀kẹrin, rọra, kí ẹsẹ̀ rẹ wà nítòsí búréèkì. Bí ẹnì kan bá ń fọn fèrè sí ọ, má jẹ́ kí ó lé ọ. Bí o kò bá ríran mọ́, dúró. Kò sí ìtìjú nínú kí o jáde, kí o tún un ṣe.

Má fi títì márosẹ̀ kọ́ ọ. Wá pápá tó ṣófo, gbé táyà àlòkù méjì kalẹ̀ bí ààlà, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà jókòó tì ọ́.

ÀDÚRÀ: Olúwa, fún mi ní sùúrù tí yóò dá ẹ̀mí ẹlòmíràn sí. Àmín.