Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Gbígba Àlejò Eré Bọ́ọ̀lù

Nínú gbogbo eré ìdárayá tí ọmọ aráyé ń ṣe, bóyá ni a óò rí èyí tí ó gba ayé kan tó bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Kò sí abúlé tí ó kéré títí tí àwọn ọmọdé ibẹ̀ kò mọ bí a ti ń gbá a, ìbáà ṣe ọsàn gbígbẹ ni wọ́n rí fi ṣe bọ́ọ̀lù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi òfin sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1863, àwọn ọkùnrin kan láti inú àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Lọ́ńdọ̀nù péjọ sí ilé ọtí kan, wọ́n dá ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Football Association sílẹ̀, wọ́n sì kọ òfin eré náà sínú ìwé kí ọdún náà tó parí. Láti ibẹ̀ ni àwọn atukọ̀, àwọn oníṣòwò àti àwọn olùkọ́ ti gbé e kiri ayé. Ènìyàn yóò rò pé ilẹ̀ tí ó tọ́ eré yìí dàgbà ni gbogbo ayé yóò máa wọ́ lọ bá láti ṣe àjọ̀dún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje Ife Àgbáyé àwọn ọkùnrin ní ọdún 1930, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tíì gba àlejò rẹ̀, ìyẹn ní ọdún 1966.

Kí á tó dé orí ọdún náà, ó yẹ kí á mọ irú ọkàn tí onílé yìí ní. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè 7 ní Yúróòpù dá ẹgbẹ́ FIFA sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1904, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sí níbẹ̀. Wọ́n wọlé lẹ́yìn náà, wọ́n bínú jáde, wọ́n padà, wọ́n sì tún jáde ní ọdún 1928. Nígbà tí Urugúáì pe gbogbo ayé sí Ife Àgbáyé àkọ́kọ́, wọn kò lọ; wọn kò lọ sí ti 1934, wọn kò sì lọ sí ti 1938. Lójú tiwọn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ wọn nípa bọ́ọ̀lù. Àwọn àgbà sì ti wí pé ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò máa sọ pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Ní ọdún 1950 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé oko ẹlòmíràn. Wọ́n lọ sí Bràsíl, ní ìlú Belo Horizonte, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí kò sí ẹni tí ó kà wọ́n sí agbábọ́ọ̀lù sì fi góòlù 1 sí òdo nà wọ́n.

Ó di ọdún 1966. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni ìtìjú ti kọ́kọ́ bá onílé. Wọ́n gbé ife náà, tí a ń pè ní ife Jules Rimet, síbi àfihàn sítáǹpù kan ní Westminster kí àwọn ènìyàn lè máa wò ó. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta, olè wọlé, ó gbé ife lọ, ó sì fi àwọn sítáǹpù tí owó wọn ju ti ife náà lọ fíìfíì sílẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù wá a títí, wọn kò rí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ajá kan tí ń jẹ́ Pickles, tí olówó rẹ̀ mú jáde ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ sí gbóòórùn nǹkan kan tí a fi ìwé ìròyìn wé. Ife náà ni. Ohun tí àwọn ọlọ́pàá kò rí, ajá rí i.

Ọ̀rọ̀ ajá kò tíì tán. Wembley, pápá tí ó lókìkí jù ní ilẹ̀ náà, ni a máa ń lò fún eré ìje ajá pẹ̀lú, àwọn tí ó ni pápá náà sì kọ̀ láti yẹ eré ìje ajá ọjọ́ Ẹtì kan nítorí Ife Àgbáyé. Bẹ́ẹ̀ ni Urugúáì àti Faransé ṣe lọ gbá bọ́ọ̀lù tiwọn ní pápá White City. Urugúáì yìí kan náà ni ó gba ife àkọ́kọ́ ní ọdún 1930. Ẹ wo irú àlejò tí a ní kí ó yàgò fún ajá!

Síbẹ̀, ní ti àwọn ará ìlú, wọ́n mọ bí a ti ń ṣe àlejò. Ẹgbẹ́ 16 ni ó wá, wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù ní pápá 8 nínú ìlú 7. Kòríà Àríwá wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Bìrìtéènì kò bá orílẹ̀-èdè náà ṣe rárá nígbà náà. Middlesbrough, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ irin, ni wọ́n fi wọ́n wọ̀ sí. Àwọn ará ibẹ̀ rí i pé àwọn àlejò náà kéré lára ṣùgbọ́n wọ́n yára lẹ́sẹ̀, wọ́n sì gbà wọ́n bí ọmọ. Nígbà tí Kòríà na Ítálì ní góòlù 1 sí òdo ní ọjọ́ 19 oṣù keje, ariwo ayọ̀ gba pápá kan. Ọ̀pọ̀ ará Middlesbrough tẹ̀lé wọn dé Liverpool, níbi tí wọ́n ti gbá góòlù 3 sínú àwọ̀n Potogí kí ìdajì eré tó pé. Ẹni tí ó bá wọn jẹ́ ni Eusébio, ọmọ Mòsáḿbíìkì tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún Potogí. Òun nìkan gbá góòlù 4, Potogí sì borí ní 5 sí 3.

Bí a bá yọ Eusébio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n wà lábẹ́ àsíá ẹlòmíràn, a kò rí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kan ní gbogbo pápá 8 wọ̀nyẹn. Kì í ṣe pé wọn kò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé nínú àyè 16 tí ó wà, FIFA fi ẹyọ kan péré sílẹ̀ fún Áfíríkà àti Éṣíà àti àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì lápapọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá sì gbégbá orókè ní gbogbo Áfíríkà gbọ́dọ̀ tún lọ bá ti Éṣíà wọ̀jà kí ó tó lè wọlé. Gánà, tí ó gba Ife Áfíríkà ní ọdún 1963, ni ó ṣíwájú nínú àtakò náà; Ohene Djan tí ó ń bójú tó eré ìdárayá níbẹ̀ kọ̀wé sí FIFA, orílẹ̀-èdè Áfíríkà 15, Nàìjíríà pẹ̀lú, sì fà sẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì ni ààrẹ FIFA nígbà náà, Stanley Rous ni orúkọ rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ṣe òfin náà, orúkọ onílé ni ó bá a lọ. Láti ọdún 1970 ni a ti fún Áfíríkà ní àyè tirẹ̀, Mòrókò ni ó sì kọ́kọ́ jókòó sí i.

Àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà náà ní ẹ̀dùn ọkàn tiwọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje, Gẹ̀ẹ́sì bá Ajẹntínà pàdé ní Wembley. Rẹfirí ọmọ Jámánì lé balógun Ajẹntínà, Antonio Rattín, jáde. Rattín kò gbọ́ èdè rẹ̀, ó ń bèèrè ògbufọ̀, ó sì pẹ́ púpọ̀ kí ó tó kúrò lórí pápá. Ní ọjọ́ yìí kan náà, ní Sheffield, rẹfirí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lé ọmọ Urugúáì méjì jáde nígbà tí wọ́n ń bá Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn gbá. Àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà wo ọmọ Jámánì tí ó ṣe ìdájọ́ fún Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n wo ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe ìdájọ́ fún Jámánì, wọ́n sì ní ọwọ́ wẹ ọwọ́ ni. Kò sí ẹ̀rí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Alf Ramsey, olùkọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tún dá kún un: ó fi ìwà àwọn Ajẹntínà wé ti ẹranko. Ọ̀rọ̀ tí onílé kì í sọ sí àlejò nìyẹn, àwọn ará Ajẹntínà kò sì gbàgbé rẹ̀. Ohun rere kan jáde nínú ìjà náà. Ken Aston, tí ó jẹ́ olórí àwọn rẹfirí, ronú sí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò gbédè, ó rí iná ojú ọ̀nà tí ń dárí ọkọ̀, ó sì dá àbá káàdì pupa àti káàdì òféèfèé. Láti ọdún 1970 ni wọ́n ti ń lò wọ́n ní Ife Àgbáyé.

Ní ọjọ́ 30 oṣù keje, Gẹ̀ẹ́sì fi góòlù 4 sí 2 borí Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn àfikún àkókò. Geoff Hurst gbá 3 nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn góòlù náà lu igi òkè, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì ta jáde. Tofiq Bahramov, ọmọ Azerbaijan tí ó di àsíá mú létí pápá, ni ó sọ pé ó wọlé. Àwọn ará Jámánì kò tíì gbà títí di òní.

Lẹ́yìn náà ni ọdún burúkú dé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1985, iná jó ìjókòó onígi ní Bradford, ènìyàn 56 kú. Ní oṣù yìí kan náà, ní pápá Heysel ní Brussels, àwọn alátìlẹ́yìn Liverpool ya lu àwọn ará Ítálì, ògiri wó, ènìyàn 39 sì kú. Wọ́n lé àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú ìdíje Yúróòpù fún ọdún 5. Ní ọdún 1989, ní Hillsborough, tí ó wà lára pápá tí a lò ní 1966, èrò tẹ ara wọn pa mọ́ irin nítorí àìtó ètò àwọn ọlọ́pàá; àwọn tí ó kú jẹ́ 97. Ta ni yóò rán àlejò sí irú ilé bẹ́ẹ̀? Adájọ́ Taylor ṣe ìwádìí, ó ní kí gbogbo òǹwòran ní àwọn pápá ńlá máa jókòó. Àtúnṣe yìí ni ó jẹ́ kí Yúróòpù fi ìdíje tirẹ̀ ti ọdún 1996 lé wọn lọ́wọ́. Ó yọrí sí rere, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ǹbù bú gbàmù ní Manchester ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, tí Jámánì àti Rọ́ṣíà sì gbá eré tiwọn ní ìlú náà ní ọjọ́ kejì. Gareth Southgate ni ó pàdánù pẹ́náárítì tí ó lé Gẹ̀ẹ́sì jáde lọ́wọ́ Jámánì.

Inú wọn dùn sí èyí, wọ́n sì bèèrè fún Ife Àgbáyé 2006. Ó ṣe ni láàánú pé ní oṣù kẹfà ọdún 2000, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí a tó dìbò, àwọn ìpátá wọn lọ da ìlú Brussels àti Charleroi rú. Ìbò 5 ni wọ́n rí ní ìpele àkọ́kọ́, 2 ní ìpele kejì, ó tán. Jámánì gbà á pẹ̀lú ìbò 12, Gúúsù Áfíríkà ní 11. Wọ́n tún dìde fún ti 2018, wọ́n sì ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 21 pọ́n-ùn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 2010, ọmọ ọba William, olórí ìjọba David Cameron àti David Beckham lọ bẹ̀bẹ̀ ní Zürich. Ìbò 2 péré nínú 22 ni wọ́n rí, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ọmọ ilẹ̀ wọn fúnra rẹ̀. Rọ́ṣíà ni ó mú un.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pariwo pé rìbá ni. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́ lásán: kí a tó dìbò ni FIFA ti dá àwọn olùdìbò méjì dúró nítorí ohun tí ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù kan tú síta, ó sì dun ni pé ọmọ Nàìjíríà ni ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 2015 pẹ̀lú, àwọn ọlọ́pàá mú ọ̀pọ̀ ìjòyè bọ́ọ̀lù ní Zürich. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìròyìn ìwádìí tí FIFA gbé jáde ní 2014 fi hàn pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà wá ojúrere olùdìbò kan láti Trinidad, tí wọ́n sì gbé owó àsè kan kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

Wembley tuntun, tí a ṣí ní ọdún 2007, ni wọ́n ti gbá àṣekágbá ìdíje Yúróòpù ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2021. Nǹkan bí ènìyàn 2,000 tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì fi agbára já ilẹ̀kùn wọlé. Ìwádìí Louise Casey sọ lẹ́yìn náà pé díẹ̀ ni ó kù kí ènìyàn kú. Ítálì borí pẹ̀lú pẹ́náárítì, ẹni tí ó sì gbá ìkẹyìn tí kò wọlé ni Bukayo Saka, ọmọ ọdún 19, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ fún orúkọ rẹ̀: ẹni tí ó bù kún ayọ̀ ni. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí bú òun àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú méjì tí wọ́n pàdánù tiwọn, Marcus Rashford àti Jadon Sancho, nítorí àwọ̀ ara wọn. Southgate tí ó ti pàdánù pẹ́náárítì ní 1996 ni olùkọ́ wọn. Òun ni ó gbá Saka mọ́ra lórí pápá. Ní ọdún 2024, ní Jámánì, Saka tún dúró níwájú pẹ́náárítì nígbà tí wọ́n bá Swítsáláǹdì gbá, ó sì gbá a wọlé.

Àwọn obìnrin ni ó fọ ìtìjú Wembley nù. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2022, ènìyàn 87,192 wò wọ́n bí wọ́n ti na Jámánì ní góòlù 2 sí 1, tí wọ́n sì gba ife Yúróòpù, láìsí ilẹ̀kùn kan tí a já. Fún ìdíje àwọn ọkùnrin Yúróòpù ti 2028, Gẹ̀ẹ́sì kò dá nìkan bèèrè mọ́. Ó darapọ̀ mọ́ Skọ́tlándì, Wélíìsì àti Áyálándì méjèèjì, wọ́n sì fi í fún wọn ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Fún Ife Àgbáyé àwọn obìnrin ti 2035, ìwé ìbéèrè ti àwọn ará Bìrìtéènì nìkan ni FIFA rí gbà ní 2025. Pápá Casement Park ní Belfast wà nínú ètò ti 2028 tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ìjọba ní owó tí yóò gbà pọ̀ jù, àkókò sì ti lọ. Ní ti àyè nínú ìdíje náà, àjọ UEFA kò fi ọ̀kankan ta onílé lọ́rẹ ṣáájú: Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá àwọn yòókù díje ná, àyè méjì sì wà ní ìpamọ́ fún àwọn onílé tí kò bá yege.