Bí Ẹ Ṣe Lè Túmọ̀ Ewì Igbó àti Odò sí Gẹ̀ẹ́sì: Ìtọ́sọ́nà fún Ọ̀dọ́ Ìlútítun

Ewì igi, ẹyẹ àti omi kò wọ́n ní Ìlútítun àti nílẹ̀ Ìkálẹ̀ wa lápapọ̀. Ẹni tí yóò kọ wọ́n sílẹ̀, tí yóò sì túmọ̀ wọn, ló wọ́n. Nílẹ̀ Faransé, Philippe Jaccottet (1925–2021) fi ọ̀pọ̀ ọdún kéwì nípa ilẹ̀ àti ewéko Grignan tó ń gbé. Derek Mahon, akéwì ará Ireland, sì túmọ̀ ewì rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nílé wa níbí, Adébóyè Babalọlá tẹ ìwé lórí ìjálá ọdẹ jáde lọ́dún 1966, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí.

1. Ẹ gbàyè lọ́wọ́ àgbà tó mọ ewì náà, kí ẹ tó fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ ti awo, ẹ má fọwọ́ kàn án.

2. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ gan-an. Ẹ má sọ ọ́ di Yorùbá ilé-ìwé: ìró "gh" àti àwọn ọ̀rọ̀ tó fi "u" bẹ̀rẹ̀ wà lára adùn rẹ̀. Ibi tí àgbà apohùn náà bá ti mí ni kí ẹ ti gé ìlà.

3. Ẹ lọ fojú rí ohun tí ewì ń sọ. Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Orúkọ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń pe ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀, bẹ́ẹ̀ igi ògùrọ̀ fẹ́ràn àbàtà, ọ̀pẹ kò sì fẹ́ kí omi dúró sí òun nídìí. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, ẹ ti gbé akéwì kúrò níbi tó dúró sí. Ẹ ní kí àgbẹ̀ tàbí ọdẹ fi igi náà hàn yín, kí ẹ kọ ìrísí ewé rẹ̀ àti ìgbà tó ń so sílẹ̀. Ẹ má fi igi ilẹ̀ òyìnbó rọ́pò ìrókò. Gẹ̀ẹ́sì ti gba orúkọ yẹn wọlé tipẹ́.

4. Ẹ túmọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ gbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ sọ ọ́ di ewì. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa, nítorí náà ẹ lo àwítúnwí àti gígùn ìlà láti gbé ìlù inú rẹ̀ yọ.

5. Ẹ kà á sókè fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Ibi tó bá ti bi yín ní ìbéèrè, ẹ padà sọ́dọ̀ àgbà náà.

6. Ẹ tẹ èdè méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí apohùn bá gbà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọdún tó ké ewì náà.

Ẹ fi ewì kúkúrú kan bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà nílé láti dá yín lóhùn.