Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ka Actuarial Science, Iṣẹ́ Ń Dúró Dè Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní Yunifásítì Èkó ní Akoka àti ní àwọn yunifásítì yòókù tí ẹ ń ka Actuarial Science, mo mọ ohun tó máa ń bá yín nígbà tí ẹ bá wọ ọdún kẹta. Ẹni tó ń ka òfin mọ̀ pé ilé ẹjọ́ lòun ń lọ. Ẹni tó ń ka ìmọ̀ ìṣègùn kò sí nínú iyèméjì. Ẹ̀yin ni ẹbí máa ń bi pé, "Tí o bá jáde ńkọ́, báńkì ni àbí ìnṣọ́ránsì?" Ọ̀pọ̀ nínú yín gan-an kò sì ní ìdáhùn tó ju méjèèjì yẹn lọ. Ó ká mi lára, nítorí mo ti rí ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa tó jáde tán, tó lọ jókòó sídìí iṣẹ́ tí kò lo ìdá kan nínú ohun tó kọ́.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà nìyí: ibikíbi tí ẹnìkan bá ti gba owó lónìí, tó ṣèlérí pé òun yóò san owó lọ́jọ́ iwájú, tí kò sì mọ ọjọ́ náà tàbí iye ẹni tí yóò wá gbà á, ibẹ̀ ni wọ́n ti nílò yín.

Ká mú 1,000 olùkọ́ tí wọ́n jẹ́ ẹni 40 ọdún. Wọ́n fẹ́ kí ẹbí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bá kú láàárín ọdún kan gba mílíọ̀nù 2 náírà. Bí tábìlì ikú tí ẹ ń wò bá sọ pé ènìyàn 4 ló ń kú nínú 1,000 irú wọn lọ́dún, mílíọ̀nù 8 lẹ nílò. Ẹ ó gba 8,000 náírà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó ro owó ìnáwó ọ́fíìsì àti èrè mọ́ ọn. Kò le rárá. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé 6 ló ń kú ní tòótọ́ ńkọ́? Mílíọ̀nù 12 ni owó tí ẹ ó san. Mílíọ̀nù 4 kò sí nílẹ̀, opó méjì sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń béèrè owó tí ọkọ wọn ti san tirẹ̀ pé.

Níbo wá ni 4 tàbí 6 yẹn ti ń wá? Ẹ mú ìwé ìṣirò ọdọọdún àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò wa, ẹ ṣí i dé apá ẹ̀yìn tí wọ́n kọ àwọn ohun tí wọ́n gbé ìṣirò wọn lé. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí A67/70 níbẹ̀. Tábìlì ikú ni, àwọn tó ra ìdójútòfò ẹ̀mí ní Bìrìtìkó láàárín 1967 sí 1970 ni wọ́n sì fi ṣe é. Ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n bí ní 1985, tó ń wọkọ̀ lọ Èkó tó ń wọkọ̀ bọ̀, ikú àwọn òyìnbó ìgbà yẹn ni wọ́n fi ń díwọ̀n tirẹ̀. Àwọn actuary wa mọ̀ pé aṣọ àgbàwọ̀ ni. Wọ́n ń ká a níbí, wọ́n ń tú u lọ́hùn-ún, kó lè bá ara mu.

Àwọn àlùfáà Scotland kò gbára lé aṣọ àgbàwọ̀ nìkan. Nígbà tí àlùfáà méjì, Alexander Webster àti Robert Wallace, fẹ́ dá àpò owó sílẹ̀ ní 1744 fún àwọn opó àti ọmọ òrukàn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n kọ̀wé sí ìjọ káàkiri. Wọ́n béèrè iye àlùfáà tó ti kú, ọjọ́ orí wọn, àti iye tó fi ìyàwó sílẹ̀. Wọ́n rí i pé nínú 930 àlùfáà, bí 27 ló ń kú lọ́dọọdún, 18 nínú wọn sì ń fi opó sílẹ̀. Colin Maclaurin, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Edinburgh, bá wọn yẹ iṣẹ́ náà wò. Wọ́n ní bó bá di 1765, pọ́n-ùn 58,348 ni yóò wà nínú àpò náà. Ọdún náà pé, pọ́n-ùn 58,347 ni wọ́n bá níbẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà yẹn o. Ikú àwọn ènìyàn tiwọn ni wọ́n kà, wọ́n sì kà á pé.

Iṣẹ́ yẹn ṣì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ìdí sì nìyí tí mo fi ń pè yín. Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Láti ìgbà òfin 2004 ni òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ti jọ ń dá owó sínú àkàùntì òṣìṣẹ́. Òfin 2014 sọ ọ́ di ìpín 8 nínú 100 owó oṣù láti ọwọ́ òṣìṣẹ́, 10 láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́, ó kéré tán. Lọ́jọ́ tí bàbá yín bá fẹ̀yìn tì, wọn yóò ní kó yan ọ̀kan: kó máa gba owó díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkàùntì rẹ̀, tàbí kó kó owó náà fún ilé iṣẹ́ adójútòfò tí yóò máa san án fún un títí ọjọ́ ikú. Tó bá mú ti àkọ́kọ́, tó sì pẹ́ láyé ju bí wọ́n ṣe rò lọ, owó lè tán kí ẹ̀mí tó tán. Tó bá mú èkejì, ilé iṣẹ́ ló gbé ewu yẹn lérí. Ọdún mélòó ni òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ilẹ̀ wa ń lò lẹ́yìn 60? Ṣé tíṣà ń pẹ́ ju ọlọ́pàá lọ? Lẹ́yìn ogún ọdún tí ètò yìí ti wà, àkọsílẹ̀ tí a lè fi wá ìdáhùn ti kóra jọ. Ẹni tó lè jókòó tì í ló kù.

Ètò ìlera náà ń bẹ. Òfin 2022 tó dá NHIA, àjọ ìdójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, sílẹ̀ sọ ìdójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní tiwọn, bí Ìlera Èkó. Bí wọ́n bá ta ètò náà ní owó tí kò tó, gbèsè ilé ìwòsàn ni yóò kọ́kọ́ pọ̀. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì yóò máa sọ fún aboyún tó ti san owó ọdún kan pé oògùn rẹ̀ kò sí nínú ètò. Ọmọ tó bá lè fojú inú wo aboyún yẹn nígbà tó bá ń ṣírò, òun ni mo fẹ́ kó lọ síbẹ̀.

Ẹ ó rí iṣẹ́ ní báńkì náà, níbi tí wọ́n ti ń díwọ̀n iye ẹ̀yáwó tí kò ní padà wá. Ó wà ní Africa Re, ilé iṣẹ́ tó ń dójútòfò fún àwọn adójútòfò, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó níbí. Ó wà ní NAICOM tó ń ṣàmójútó ìdójútòfò àti PenCom tó ń ṣàmójútó owó ìfẹ̀yìntì, ó sì wà nídìí ìdójútòfò oko àgbàdo àti ti adìyẹ. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2025 ní kí ilé iṣẹ́ adójútòfò ẹ̀mí ní bílíọ̀nù 10 náírà ó kéré tán, tàbí iye tí ìṣirò ewu rẹ̀ bá sọ, èyí tó bá pọ̀ jù. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò yẹn.

Ní ti ìdánwò tí ẹ ó fi di actuary, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá ṣe àgùnbánirọ̀ tán. CS1 àti CM1 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tàbí P àti FM ti àwọn Amẹ́ríkà, ohun tí ẹ ń kọ́ ní kíláàsì ló pọ̀ jù nínú wọn. Mo fẹ́ kí ẹ yege nínú ọ̀kan ó kéré tán kí ẹ tó jáde. Ìdánwò tí wọ́n ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù náà ni ẹ ó ṣe ní Èkó, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ jápa lọ́la kò pàdánù ohunkóhun tó bá bẹ̀rẹ̀ nílé. Owó rẹ̀ wọ́n, mo mọ̀. Ẹ béèrè nípa ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ẹ bá sì fìdí rẹmi, ẹ tún un kọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa náà ń fìdí rẹmi níbẹ̀. Mi ò sì gbà pé ẹni tó dúró sí àárín ọ̀nà ti fi ọdún rẹ̀ ṣòfò. Ẹni tó yege nínú ìdánwò mẹ́rin, tó mọ R tàbí Python, tó sì lè ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ọ̀gá tí kò mọ ìṣirò, iṣẹ́ kò ní wọ́n ọn.

Tí ẹ bá ń lọ fún I.T., ẹ má wá ọ́fíìsì tó tutù lórí òkè kẹrin. Ẹ ní kí wọ́n fi yín sí ibi tí wọ́n ti ń san owó fún àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹ gbàyè láti wo fáìlì ọdún tó kọjá, ẹ yọ orúkọ kúrò, kí ẹ kọ ọjọ́ orí, iṣẹ́, ìlú àti ohun tó pa olúkúlùkù sórí Excel. Bí ẹ bá ti rí 500, ẹ béèrè iye oníbàárà tó wà ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan lọ́dún náà, kí ẹ fi A67/70 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ ibi tí méjèèjì ti yapa sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ fún olùkọ́ yín gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣekágbá.