Kí Ni Rọ́bà Ń Ṣe Nínú Dróònù Eré Ìje?

Ká ní motor dróònù kan ń yí ní ìgbà 30,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi 60 pín in: ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan! Bí etí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bá ṣẹ́ díẹ̀ báyìí, gbogbo férémù á máa gbọ̀n tẹ̀lé e.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé gyro, ẹ̀rọ bíńtín tó ń wọn bí dróònù ṣe ń yí, kì í mọ ìgbọ̀nrìrì yàtọ̀ sí yíyí gidi. Ohun tó bá gbà ló ń rò fún flight controller tó gbé e dání. Ìyẹn á wá máa pàṣẹ fún motor: sáré, dẹwọ́, sáré, dẹwọ́. Motor á gbóná, ó tiẹ̀ lè jóná lójú òfuurufú.

Ìdí nìyí tí a fi ń ki rọ́bà sáàárín flight controller àti férémù. Ìgbọ̀nrìrì tó yára á kú sínú rọ́bà, àmọ́ yíyí gidi, tí kò yára tó ìyẹn, á kọjá. Kí rọ́bà má sì rọ̀ jù o, torí flight controller fúnra rẹ̀ á máa jó lórí rẹ̀, gyro á tún máa purọ́.

Skúrù ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù, lójú tèmi. Tí ẹ bá dè é pinpin, rọ́bà á fún pọ̀, á le bí igi. Wáyà tó bá nà tàn-ìn náà ńkọ́? Ìgbọ̀nrìrì á gba orí rẹ̀ kọjá bí afárá. Ẹ fi ìka ti flight controller yẹn wò: ó yẹ kó mì díẹ̀, kó sì padà sáyè rẹ̀.