Bí A Ṣe Ń Wọ Ìlógbò-Èkìtì

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìlú kékeré tí kì í ṣe olú-ìlú ìjọba kankan, kí ó ti Adó-Èkìtì gba Ìwòròkò àti Ìfàkì lọ sí Ìdó, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì tí Ìlógbò wà lábẹ́ rẹ̀. Ní Ìdó ni kí ó ti wá ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà tí yóò gbé e dé Ìlógbò, kí ó sì ṣẹ́ owó wẹ́wẹ́ sápò.

Ààfin ni a kọ́kọ́ ń yà. Ọwálógbò ni oyè ọba ìlú náà. Kí àlejò ṣí fìlà, kí ó bọ́ bàtà, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí a gbé obì àbàtà kalẹ̀, kí a tó sọ pé ìtàn ni a bá wá. Ẹni tí ó bá yọ ẹ̀rọ ayàwòrán kí ó tó tọrọ àyè ti ba ọ̀nà ara rẹ̀ jẹ́.

Ìwé àdéhùn ọdún 1886, èyí tí wọ́n fi parí ogun Kírìjí, dárúkọ Ọwá Iléṣà, Ọọ̀rè Ọ̀tùn, Ajerò Ìjerò àti Olójùdó Ìdó. Abẹ́ agbádá irú àwọn ọba ńlá bẹ́ẹ̀ ni ìlú kéékèèké wọ̀ nínú ìwé. Nítorí náà, ẹni tí ó ń wá ọ̀rọ̀ irú ìlú báyìí, ẹnu ni kí ó lọ wá a sí. Ó sì ti yé mi pé kì í ṣe ẹnu baálé nìkan: àwọn ìyàwó ilé, tí ó di dandan fún láti fi oríkì kí ọkọ àti ọmọ, a máa mọ oríkì agbo-ilé ju ọmọ bíbí inú rẹ̀ lọ. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Ìyá arúgbó tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kí a lọ kí. Má bèèrè ọdún tí a tẹ ìlú dó, nítorí ayé ọba ni wọ́n fi ń ka ìgbà. Bèèrè ọba tí ó wà lórí oyè nígbà náà. Bí agbo-ilé méjì bá sì jà sí ẹni tí ó kọ́kọ́ débẹ̀, gbọ́ tọ̀tún, gbọ́ tòsì, kí o má dájọ́: ilẹ̀ àti oyè ń bẹ lábẹ́ ìtàn náà.

Bí wọ́n bá gúnyán, jẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí ni kí o tó forí lé ìwọ̀-oòrùn, sí Ìjerò, Àràmọkò àti Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná ti ń pàdé omi tútù.