Ọmọdé Ò Mọ Oògùn

Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ kékeré ṣe ń wo ìpolówó ọjà lórí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù: ọlọ́jà ń wá owó, ọmọ rò pé eré ni. Lọ́dún 2004, ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ yẹ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 a máa gba ohun tí ìpolówó bá sọ ní òótọ́ pọ́ńbélé. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká ti fi ìbéèrè méjì kọ́ ọmọ kó tó mọ̀wé kà rárá: ta ló ń sọ èyí, kí ló sì fẹ́ kí n ṣe?

Àwọn kan á ní ká kúkú gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Ó dára ká dín in kù, àmọ́ kò tó. Orílẹ̀-èdè Sweden fòfin de ìpolówó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1991, síbẹ̀ ìpolówó ṣì wọlé tọ àwọn ọmọ náà nígbà náà láti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àtakò tó wúwo jù ni pé ọmọ tó ń béèrè pé “ta ló sọ ọ́” yóò di aláìgbọràn. Mi ò fojú kéré ẹ̀rù yìí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa náà ló ní ìròyìn ò tó àfojúbà, àwọn ló sì ń pa àlọ́ Ìjàpá tó fi oyè ọba tan Erin wọ̀lú, tí Erin fi já sí kòtò. Ẹ má jẹ́ kí àlọ́ náà parí síbi orin. Ẹ bi ọmọ pé: kí ni Ìjàpá ń wá? Kí ló yẹ kí Erin ti bèèrè? Ọmọ ọdún 5 á dáhùn. Bí ìpolówó bisikíìtì bá wá dé, ẹ bi í ní ìbéèrè kan náà, kẹ́ ẹ sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi “ẹ jọ̀ọ́ mà” bi àgbà léèrè.

Ẹni tó ní ká dúró di ìgbà tí ọmọ bá wọ girama, kó rántí oṣù Ògọ́ọ̀sì 2014, nígbà àrùn Ebola, tí àtẹ̀jíṣẹ́ ń káàkiri pé omi iyọ̀ ni ààbò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán ènìyàn méjì kú ní Nàìjíríà nítorí pé wọ́n mu ún. Àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ mọ̀wé kà; wọn ò bèèrè ẹni tó kọ ọ́ ni. Bí irú rẹ̀ bá tún wọ fóònù yín, ẹ pe ọmọ mọ́ra, kẹ́ ẹ jọ wá ẹni tó kọ ọ́ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.